Ẹ̀wù Tó Wà Nínú Ilẹ̀

Ẹ̀wà tí Hàbíbátù ń ṣà láti àárọ̀ kò ní òkúta nínú mọ́. Ó ti ṣà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tún dà á padà sórí àtẹ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Hamdalah ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ti gbọ́n tó láti mọ̀ pé kì í ṣe òkúta ni ìyá òun ń wá.

Ọjọ́ Sátidé ni. Bó bá jẹ́ Sátidé mìíràn ni, Hàbíbátù ì bá ti wà nídìí àpò ẹ̀wà rẹ̀ ní ọjà Shasha, kó máa fi kọ́ńgò wọn ẹ̀wà fún oníbàárà, kó sì máa bá àwọn alábàárù tó ń fi ẹrù gbá a lórí jà. Kò lọ. Fọ́ọ̀mù kan wà lórí tábìlì pálọ̀, wọ́n fi ife tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ààyè méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún ìbuwọ́lù, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ìyá. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni lọ́yà yóò wá gbà á. Bó bá bá ààyè méjèèjì lófìfo, ọ̀rọ̀ Rídwàn parí nìyẹn.

Rídwàn ni àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, oníṣẹ́ táìsì, tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní ibùdókọ̀ Pleasure ní oṣù méje sẹ́yìn, bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tòun ti àpò irinṣẹ́ rẹ̀ léjìká. Àwọn tó pa á ní olè ni. Wọ́n ní irin ló gbé sókè tó fi kọlù wọ́n. Ẹ gbọ́ ná o. Irin tí ọmọ fi ń lẹ táìsì sí balùwẹ̀ olówó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òun ni wọ́n sọ di ohun ìjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Owó orí wa la fi ń ra ìbọn fún wọn, ọmọ wa ni wọ́n ń fi í pa, kí ilẹ̀ sì tó mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà tán, wọ́n á ti kọ olè síwájú orúkọ rẹ̀.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ìjókòó wọn tó kẹ́yìn. Hàbíbátù ti búra níwájú wọn pé ọmọ òun ń sá lọ ni nígbà tí wọ́n yìnbọn fún un lẹ́yìn, pé ẹni tó ń sá fún èèyàn kò lè máa kọlù ú. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ní Pleasure ló sọ fún un bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà, oníbúrẹ́dì ti kó kúrò ní àdúgbò, kò sì gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Ìgbìmọ̀ ní àwọn gbọ́ ẹjọ́ ìyá, ṣùgbọ́n kí wọ́n mú ẹ̀wù tí ọmọ náà wọ̀ lọ́jọ́ náà wá, kí àwọn fi ojú rí ibi tí ọta gbà wọlé.

Ẹ̀wù wà nínú ilẹ̀, lára Rídwàn.

Jàfárù ọkọ rẹ̀ ló fà á. Nígbà tí wọ́n gbé òkú dé lọ́jọ́ kejì, tí àwọn ààfáà ti gbé omi sílẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́, Jàfárù ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó ní ẹni tí wọ́n bá fi àbòsí pa, ṣàhídì ni, ajẹ́rìíkú, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi jẹ́rìí níwájú Ọlọ́run lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, nítorí náà tẹ̀wùtẹ̀wù ni kí wọ́n sin ín. Ààfáà kan ní ẹni tó bá kú sójú ogun nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Jàfárù bi í pé kí ni Pleasure, bí kì í bá ṣe ojú ogun? Òun fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ funfun wé ọmọ náà, òun ló sọ̀kalẹ̀ sínú sàréè tó gbà á sílẹ̀. Hàbíbátù ní tirẹ̀, àwọn obìnrin ti dì í mú sínú yàrá. Kò rí ojú ọmọ rẹ̀, kò rí ara rẹ̀. Kí wọ́n tó kírun Àlàásàrì, wọ́n ti sin Rídwàn tán.

Fọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ ife ni yóò fún ìgbìmọ̀ láyè láti hú òkú náà. Jàfárù sì ní òun kò ní buwọ́ lù ú.

Ó wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá láti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ tó wà níwájú ilé, lẹ́búlẹ́bú pákó kún irùngbọ̀n rẹ̀. Omi ló wá mu. Ó gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Rídwàn," Hàbíbátù kí i.

"O ò lọ sọ́jà."

"N ò lọ. Fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀ yẹn."

"Mo rí i."

"Ẹ ti ń rí i láti Ọjọ́rú. Wọn ò ní kẹ́ ẹ máa wò ó, wọ́n ní kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú."

Jàfárù gbé omi inú ife rẹ̀ mì, ó nu ẹnu rẹ̀. "Mo ti sọ tèmi. Òkú ọmọ mi ò ní jáde nílẹ̀ torí ẹjọ́ ayé. Ẹ̀sìn ò gbà á."

"Ẹ̀sìn gbà á." Hàbíbátù gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Mo lọ bá ààfáà àgbà lánàá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ẹ̀tọ́ ẹni tó kú la fẹ́ fi gbà, wọ́n lè hú u, kí wọ́n sì tún un sin. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kẹ́ ẹ wá bá àwọn."

Jàfárù wò ó. Ojú rẹ̀ pọ́n, oorun kọ́ ló sì fà á. "O gbé ọ̀rọ̀ ilé mi lọ sí mọ́ṣáláṣí."

"Ọ̀rọ̀ ilé yín ti wà nínú ìwé ọlọ́pàá tipẹ́! Ṣé ẹ ti kà á? Wọ́n kọ olè síbẹ̀. Ọmọ yín tó jókòó yìí ti fi ẹ̀kọ́ lẹ́sìn tó ń lọ sílẹ̀, torí wọ́n ń pè é ní àbúrò olè. Ẹ bi í."

Hamdalah dorí kodò. Jàfárù yí ojú kúrò lára rẹ̀. Ó gbé ife rẹ̀ sórí fèrèsé, ó jáde. Àkàrà tí wọ́n bò sílẹ̀ fún un láti àárọ̀ wà níbẹ̀, kò wò ó.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ o. Kí Rídwàn tó kú, àwàdà rẹ̀ nìkan tó kí èèyàn má rántí pé ebi ń pa òun. Ní báyìí, òòlù rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ ti Jàfárù yìí ti ń mú ti ará ilé mọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀wà ń hó lórí iná lẹ́yìnkùlé, Ìyá Wisdom gbé àpótí rẹ̀ wá sítòsí. Yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tiwọn nínú ilé tí wọ́n ń gbé ní Baruwa. Onídìrí ni, ọmọ ìjọ tó máa ń ṣe ìsọjí lálaalẹ́ ni, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ojúlé mẹ́jọ tí kò mọ̀ kí onílé tó mọ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Lọ́jọ́ tí Rídwàn kú, òun ló di Hàbíbátù mú títí tíyẹn fi gé e jẹ lápá, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

"Ìyá Rídwàn, ṣé ẹ fi alùbọ́sà sí i? Torí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wá wòran yìí, wọn ò mọ̀ pé ẹ ń ṣọ̀fọ̀ o, oúnjẹ ni wọ́n mọ̀."

"Mo fi sí i."

"Òní ni fíìmù tá à ń wò lọ́dọ̀ yín yẹn máa parí. Mo ti pa oníbàárà méjì tì torí ẹ̀ jàre." Ó ń fi igi kọ ilẹ̀. "Bàbá Rídwàn ò tíì buwọ́ lù ú?"

"Rárá."

"Hmm. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Hàbíbátù gbé ọmọrí ìkòkò, ó tún un dé. "Kí lẹ gbọ́?"

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ gbọ́?"

"Ìyá Wisdom."

"Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin méjì kan wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Rídwàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Pé bí ọlọ́pàá ni wọ́n ṣe rí, wọn ò kàn wọ aṣọ iṣẹ́ ni. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Àwọn èèyàn wá ń sọ pé…" Ó wo ẹ̀yìn. "Wọ́n ń sọ pé bóyá wọ́n ti fowó bá wọn yanjú ẹ̀. Ẹ mọ ẹnu ayé. Èmi ò gbà á gbọ́ o. Mo kàn ní kẹ́ ẹ gbọ́ ṣá."

Hàbíbátù kọjú sí iná. Ó fi ṣíbí ro ẹ̀wà tí kò tíì tó rò, ó rò ó títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ló ti ń gbé pẹ̀lú Jàfárù, kò sì rí i kó mú ohun olóhun rí. Bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ pé kò rí i kó kọ ohun tí ẹ̀sìn gbà. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ń jà nínú rẹ̀ títí tí ẹ̀wà fi jiná.

Ní aago mẹ́rin, pálọ̀ kún. Eré orí tẹlifíṣọ̀n náà ni wọ́n ń pè ní Ojúlé Mẹ́rin, ó sì ti tó oṣù méjì tí gbogbo ilé ti ń kó jọ sí ọ̀dọ̀ Hàbíbátù ní Sátidé láti wò ó, nítorí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ ló tóbi jù. Ìtàn ìdílé mẹ́rin ni, tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ọmọ wọn lójú kan náà lọ́jọ́ kan náà. Kì í ṣe ìtàn ẹnikẹ́ni ní Baruwa, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? "Ìtàn yín gan-an nìyí," ni wọ́n máa ń wí fún Hàbíbátù, òun náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Iná lọ bó ṣe kù díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀, Hamdalah sì jáde lọ fa jẹnẹrétọ̀. Àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀, àwọn àgbà sórí àga, àwo ẹ̀wà lórí itan kálukú. Wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi ṣíbí wá pọ̀ǹmọ́ nísàlẹ̀ àwo.

Nínú eré náà, ilé ẹjọ́ ni wọ́n wà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà dìde, obìnrin gàgàrà kan tó wé gèlè dúdú. Lọ́yà ọlọ́pàá ní kó sọ bó ṣe mọ̀ pé ọmọ òun kò kọlù ẹnikẹ́ni. Ìyá náà bọ́ síwájú. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan yọ, ó tẹ́ ẹ sórí apá rẹ̀ méjèèjì kí gbogbo ilé ẹjọ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ihò kan wà láàárín ẹ̀yìn náà, ẹ̀jẹ̀ tó ti dúdú yí i ká. "Olúwa mi," ni obìnrin náà wí, "ọmọ mi ń sá bọ̀ wá sílé wá bá mi ni."

Ìyá Wisdom fi gèlè rẹ̀ nujú. Hàbíbátù kò sunkún. Ó tẹjú mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, ó ń rò ó pé bí òun bá ní irú rẹ̀ lọ́wọ́, bó ti wù kó gbóòórùn tó, òun ì bá gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun ì bá tẹ́ ẹ síwájú wọn báyìí gan-an.

Kó tó di pé wọ́n jẹ oúnjẹ tán, adájọ́ ti sọ àwọn ọlọ́pàá náà sẹ́wọ̀n. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ìdájọ́ kì í pẹ́. Àwọn tó wà ní pálọ̀ pàtẹ́wọ́, ọmọdé kan fò sókè.

"Ẹ pa nǹkan yẹn."

Jàfárù ni. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó débẹ̀. Hamdalah sáré pa á. Ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan ló kù.

"Ẹ ẹ̀ wo bí ìyá yẹn ṣe ṣe?" Hàbíbátù dìde. "Ẹ wò ó. Bí wọ́n ṣe ń gbèjà ọmọ ẹni nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi ò lẹ́wù, ẹ ti gbé e sínú ilẹ̀."

"Eré ni wọ́n ń ṣe, Ìyá Rídwàn."

"Mo mọ̀ pé eré ni! Ìwé tó wà lórí tábìlì yìí, ṣé eré ni? Ẹ̀ ń sọ pé ẹ̀sìn, ẹ̀sìn ní kò sí ńbẹ̀. Kí ló wá kù? Ẹ sọ ọ́. Àwọn ọkùnrin méjì tó wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù, èló ni wọ́n fún yín?"

Ó ti sọ ọ́, kò ṣeé gbé mì mọ́. Ìyá Wisdom fọwọ́ bo ẹnu. Jàfárù kò bínú, èyí gan-an ló bà wọ́n lẹ́rù. Ó kàn wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ láti òkè odò tí ohùn kò dé. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé àwo wọn, wọ́n ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́.

"Wọ́n wá lóòótọ́," Jàfárù wí nígbà tó ku àwọn mẹ́ta. "Owó kọ́ ni wọ́n mú wá. Wọ́n wá sọ fún mi pé bá a bá hú òkú yẹn, àwa lojú máa tì."

"Kí ló máa tì wá lójú?"

Kò tíì dáhùn tí wọ́n fi gbọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́yà ti dé.

Fisáyọ̀ ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ó kéré sí ẹni tí èèyàn máa pè ní lọ́yà, àwọn ẹgbẹ́ kan tó ń gba ẹjọ́ aláìní rò ló ń bá ṣiṣẹ́, bàtà rẹ̀ sì kún fún ẹrẹ̀ ojú títì Baruwa. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó wo fọ́ọ̀mù lábẹ́ ife, ó rí ààyè méjèèjì lófìfo. Ó jókòó sétí àga.

"Dádì, Mọ́mì, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ dà yín láàmú. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá fi ránṣẹ́ lónìí, wọ́n máa pa fáìlì yẹn dé ní Mọ́ńdè. Ohun tí ọlọ́pàá kọ náà ló máa dúró."

"Lọ́yà," ni Jàfárù wí. Ó jókòó, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa jókòó nínú pálọ̀ náà láti Ọjọ́rú. "Bí wọ́n bá hú u, kí ni wọ́n máa wò?"

"Wọ́n máa wo ẹ̀wù yẹn sà. Wọ́n á wo egungun náà. Dókítà á mọ ibi tí ọta gbà wọlé."

"Bó bá jẹ́ pé iwájú ló gbà wọlé ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà wo Hàbíbátù, ó tún wo Jàfárù. "Mọ́mì ti búra pé ẹ̀yìn ni, sà. Àwọn ọlọ́pàá ló ní iwájú. Tó bá lọ jẹ́ iwájú, á ṣòro fún wa gan-an."

"Iwájú ni," Jàfárù wí.

Hàbíbátù gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

"Èmi ni mo ṣí aṣọ lórí ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, torí ohun tí obìnrin oníbúrẹ́dì yẹn sọ. Ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ tónítóní. Ihò kan ṣoṣo ló wà, ibí yìí ló wà." Ó fi ìka kan àyà ara rẹ̀, lápá òsì, nísàlẹ̀ egungun ọrùn. "Mo ní bí ayé bá rí èyí, wọ́n á ní òótọ́ lọlọ́pàá sọ, pé ọmọ mi kọlù wọ́n. Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣàhídì bọ́ sí mi lẹ́nu. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ ẹ̀wù yẹn. Mo fi orúkọ Ọlọ́run bo ihò yẹn mọ́lẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí."

"Oṣù méje," Hàbíbátù wí. "Oṣù méje, Bàbá Rídwàn."

"O ti ń sọ ọ́ káàkiri pé ó ń sá bọ̀ wálé ni. Ò ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, ó sì ń jẹ́ kó o lè sùn. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Hamdalah bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí èèyàn máa ṣe bí òtítọ́ bá dé tó sì jọ irọ́ ọ̀tá.

Hàbíbátù jókòó sílẹ̀, kì í ṣe sórí àga. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti rí Rídwàn ní Pleasure, bó ti máa ń rí i, tó ń sá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń jìnnà. Ẹ̀yìn náà kò wá mọ́. Èyí tó wá ni Rídwàn ọmọ ọdún méje, lójúde ilé tí wọ́n ti gbé nígbà náà ní Ìkọ̀tún, tí àgbàlagbà kan pè é tó sì kọ ẹ̀yìn dá a lóhùn láti ibi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Hàbíbátù ló na ọmọ náà. Ó nà án dáadáa. Ó ní, bí ẹni tó jù ọ́ lọ bá pè ọ́, fi ohun tó ò ń ṣe sílẹ̀, yíjú sí i, kó o ní sà. Ọmọ tó bá kọ ẹ̀yìn dá àgbà lóhùn, ilé ni wọ́n máa sọ pé kò ti gba ẹ̀kọ́. Rídwàn kò ṣe é mọ́ títí ó fi kú. Bí bàbá rẹ̀ bá pè é láti ṣọ́ọ̀bù, á wá dúró níwájú rẹ̀ kó tó dáhùn, ṣíbí oúnjẹ nígbà mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n pè é ni," Hàbíbátù wí.

"Mọ́mì?"

"Wọ́n pè é láti inú ọkọ̀ wọn. Gbogbo èèyàn sá. Oníbúrẹ́dì yẹn náà sá, ìdí nìyẹn tó fi rò pé gbogbo ayé ló ń sá. Ọmọ tèmi ò sá. Kí ló jí tó fi máa sá? Ó dúró, ó yíjú sí wọn, tòun ti àpò, tòun ti irin tó fi ń ṣiṣẹ́." Ó di orí mú. "Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Yéè, èmi ni mo kọ́ ọ!"

Ó fi ọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Jàfárù sún wá láti orí àga, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Ní ìta, ẹnì kan pa jẹnẹrétọ̀. Ó ní láti jẹ́ Ìyá Wisdom, kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Hàbíbátù fi ìborùn nu imú. Ó na ọwọ́.

"Ẹ fún mi ní bírò."

Fisáyọ̀ kò tètè fún un. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ẹ máa ní láti yí ohun tẹ́ ẹ búra lé padà. Wọ́n á bi yín kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ ohun tẹ́ ẹ ò rí. Wọ́n á bú yín níwájú gbogbo èèyàn. Ìgbìmọ̀ yẹn sì lè má gbà wá gbọ́ lẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Bó ṣe máa rí nìyẹn, mà."

"Kí wọ́n bú mi. Mo sọ ohun tí mi ò rí, ó tọ́ kí wọ́n bú mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n hú u, kí òótọ́ tó wà lára ẹ̀ jáde."

Ó gba bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ti máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìsọ̀ ní Shasha, ó kọ gbogbo rẹ̀ parí láìfi lẹ́tà kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ti ìwé náà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Jàfárù wo ààyè tó kù fún un. Ó buwọ́ lù ú, kò sì gbé orí sókè nígbà tó bi lọ́yà pé ṣé wọ́n á jẹ́ kí òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé e jáde, torí òun ló gbé e wọlé. Fisáyọ̀ ní òun á bá wọn sọ ọ́. Ó fi fọ́ọ̀mù sínú fáìlì, ó kúnlẹ̀ fún wọn, ó bọ́ síta.

Hamdalah bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo ẹ̀wà jọ. Ó dúró pẹ̀lú àwo mẹ́ta lọ́wọ́.

"Màámi, bí wọn ò bá gbà wá gbọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n lè má gbà wá gbọ́," Hàbíbátù wí. "Ìyẹn kù sọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ò tún sá fún ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́nu tèmi."